A Lọ Túfọ̀ Òdòdó

Màmá òyìnbó tí ilé wọn fara ti tiwa ní Upney nílùú òyìnbó ló wú gbòǹgbò òdòdó kan fún mi. Ìyá tó bí wọn ló kọ́kọ́ gbìn ín. Wọ́n fẹ́ ta ilé, kí wọ́n lọ bá ọmọ wọn gbé nínú fúláàtì ní Beam Park, ẹni tó sì fẹ́ ra ilé náà ti ní òun máa da kọnkéré sí gbogbo ọgbà. Bí ti ọwọ́ mi bá kú, ó tán nìyẹn.

Wọ́n bi mí pé, “Ṣé o mọ nǹkan ọ̀gbìn?”

Mo ní, “Mo kàwé ní yunifásítì, mà.”

Ní oṣù kẹrin, ó yọ òdòdó bí ọkàn pupa kéékèèké, wọ́n so rọ̀ sórí ẹ̀ka bí aṣọ tí wọ́n sá, nǹkan funfun bí omi sì ń kán nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkàn tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ni òyìnbó ń pè é. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi sí gúrúùpù ìjọ wa lórí fóònù, mo kọ ọ̀rọ̀ gígùn nípa ẹwà sí i. Arábìnrin kan fèsì pé, “Bùrọ̀dá, ṣé wọ́n fi ń se ọbẹ̀ ni?”

Ní oṣù keje, gbogbo ewé rẹ̀ pọ́n, ó wó lulẹ̀. Mo ń bomi rin ín láàárọ̀ lálẹ́. Màámi, tí wọ́n wá kí wa láti Ìjẹ̀bú, wò ó títí. “Eléyìí ti kú. Ìwọ lo fi omi pa á.” Wọ́n hú u, wọ́n jù ú sínú bíìnì ìdọ̀tí níwájú ilé, wọ́n gbá ibi tó wà mọ́, wọ́n sì gbin tẹ̀tẹ̀ síbẹ̀.

Mo fẹ́ fi tẹ́ẹ̀sì sọ fún màmá òyìnbó. Màámi fárígá. “Ṣé báyẹn ni wọ́n ń túfọ̀ níbi tí o ti kàwé?” Wọ́n wé gèlè, a gbé páàlì mọ́ọ̀tì kan, a lọ bá wọn nílé wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, wọn ò tíì kó lọ. A béèrè ara, a béèrè orúnkún, a béèrè ọmọ. Màámi mí kanlẹ̀, wọ́n ní kí n sọ pé kò sẹ́ni tí ò ní lọ. Mo túmọ̀ rẹ̀. Màmá òyìnbó gbé ife tíì wọn sílẹ̀.

“Ta ló kú?”

“Òdòdó yín ni, mà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. “Ó ń sùn ni! Bó ṣe máa ń ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nìyẹn. Gbòǹgbò rẹ̀ ṣì wà nínú ilẹ̀, àbí?”

Mo túmọ̀ ìyẹn náà. Màámi dìde. “Sọ fún wọn pé a ń bọ̀.”

Ọkọ̀ akólẹ̀ ti wọ àdúgbò wa. Màámi tẹ orí bọ inú bíìnì tòun ti gèlè, wọ́n fa gbòǹgbò náà yọ láàárín koríko. A tún un gbìn. Wọ́n fọwọ́ ara wọn fa tẹ̀tẹ̀ tu. “Má sọ fún wọn o.”

N kò sọ. Ìgbà tó di oṣù karùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e, màmá òyìnbó wọ bọ́ọ̀sì wá láti Beam Park. Òdòdó mẹ́sàn-án péré ló so. Wọ́n fi ìka kan ọ̀kan.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n ní, “Bá mi kí màmá rẹ. Láti ojú fèrèsé mi, gèlè wọn nìkan ni mo rí nínú bíìnì lọ́jọ́ yẹn.”