Ẹja Inú Ẹfun

Òórùn ẹfun tútù ò tíì kúrò nímú mi, bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi o, ojú mi méjèèjì yìí ló rí i. Ìwé méjì ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n láti Àrán-Ọ̀rin dé Agbamu, ta ló mọ kòtò ẹfun tó mi? Èmi ni mo fi ọkọ́ la òkúta funfun náà tí ẹja yọjú nínú rẹ̀: egungun, ìpẹ́, ìrù, gbogbo rẹ̀ pé. A tún rí òmíràn, a rí ìkarahun ìṣáwùrú. Ẹ̀gbọ́n mi tó ni kòtò wò ó títí. Àwa tí a dàgbà nítòsí Èsìẹ́ kúkú mọ̀ pé èèyàn ń di òkúta; ère òkúta àwọn àlejò ayé àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ó ní, “Ẹja ọbẹ̀ àwọn àlejò Èsìẹ́ rè é. Tàwọn tẹrù wọn ló jọ di òkúta.”

Tíṣà obìnrin kan gbọ́, ó wá láti Ọ̀mù-Àrán. Ó fi ahọ́n kan òkúta náà, ó sì lẹ̀ mọ́ ọn láhọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Màdáámù, ṣé oyún ni?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òkun ló wà níbí láéláé. Òkun! Níbi tí kànga ti ń gbẹ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé! Ó wá ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kómi kàn án. Mò ń mú àwọn ọ̀gá mi bọ̀.”

Bó ṣe lọ tán, ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ́jú sí mi. “O gbọ́ ọ? Ẹja wo ló ń sá fómi? Ó fẹ́ jí i ni.” Ló bá kó gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò ńlá tí a ti ń rẹ ẹfun. Ta ni yóò wá ẹfun nínú ẹfun? Èmi ni mo ṣọ́ ọ. Àlejò kan ò gba ibẹ̀ kọjá kí n má bi í ní orúkọ bàbá rẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló ń wá fi orógùn rò ó, bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí. Ta ní í fura sí ìyàwó ilé?

Nígbà tí tíṣà mú àwọn ọ̀gá rẹ̀ dé, èmi ni mo kọ́wọ́ bọ ìkòkò. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ki bí ògì, òkúta kan ò kù níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wo tíṣà, ó wo èmi náà, ó ní, “Ṣé ẹ rí ẹja kan lóòótọ́?”

Ìbéèrè yẹn ni àwọn ará ìlú fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ mi dòní. Tíṣà ti ṣípò lọ, ẹ̀gbọ́n mi ti dolóògbé. Gbogbo ayé la fura sí nígbà yẹn, èmi ni wọ́n wá ń fura sí báyìí. Ohun tó sì bómi lọ náà nìyí: ẹja méjì, ìṣáwùrú mẹ́ta.