Àpótí Wà Nínú Kọ́bọ́ọ̀dù, Àmínátù Wà Nínú Ilẹ̀

Àmínátù Mùtàlíbù kú ní Igbona, nílùú Òṣogbo, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Ọ̀wàrà tó kọjá. Wáyà iná ló já lù ú. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi wá ojútùú sí ọ̀ràn kan ṣoṣo: bí wáyà iná bá já, kí la lè ṣe tí iná inú rẹ̀ á fi kú kó tó pa ọmọ ọlọ́mọ? Ó wá a títí ó fi rí i. Ó ṣe é sínú àpótí kékeré kan, wọ́n dán an wò, ó ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tí wáyà pa òun fúnra rẹ̀, àpótí yìí wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, wọ́n ti àgádágodo mọ́ ọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣí ìwé ìròyìn yìí sí ojú ewé bọ́ọ̀lù. Ẹ jẹ́ kí n sunkún mi tán.

Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kì í sábàá wà nínú fọ́tò. Àmínátù kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Òṣìṣẹ́ yàrá ìwádìí ni, ní ẹ̀ka iná mànàmáná àti kọ̀ǹpútà nílé ẹ̀kọ́ gíga kan nítòsí Iléṣà. Òun ló ń kó irinṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, òun náà ló ń kó o padà. Ọmọ Òṣogbo pọ́ńbélé ni, ọmọ Mùsùlùmí. Bàbá rẹ̀, kí Ọlọ́hun forí jì í, ń tún rédíò ṣe nígbà tí rédíò ṣì níyì. Ẹ̀gbẹ́ bàbá yẹn ló ń jókòó sí tó fi mọ iṣẹ́ wáyà pupa yàtọ̀ sí ti dúdú kó tó mọ ìwé kà. Ojoojúmọ́ ló ń wọkọ̀ láti Òṣogbo lọ sí Iléṣà, tó ń padà bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ní àdúgbò wa ní Igbona, Àǹtí Ẹnjiníà là ń pè é. Àwa tá à ń pè é bẹ́ẹ̀, a ò gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ẹ ó gbọ́ ìyẹn tó bá yá.

Ikú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó tẹ wáyà iná mọ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀ nígbà tó ń lọ pọnmi ló gbé e dé ìdí iṣẹ́ yìí. Láti ìgbà náà ni kò ti ní ìsinmi. Àpótí tó ṣe kò tóbi ju rédíò ọwọ́ lọ, ẹ̀gbẹ́ tiransifọ́mà ni wọ́n máa ń gbé e kọ́ sí. Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nìyí, èmi tí n kò mọ̀ ju kí n tẹ súwíìṣì lọ: iná tó bá jáde lọ gbọ́dọ̀ padà wálé. Àpótí náà ń kà á bí ìyá ṣe ń ka ọmọ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Bí iye rẹ̀ bá dín, ó mọ̀ pé wáyà ti já níbì kan, iná ń jò sínú ilẹ̀, á sì pa gbogbo rẹ̀ kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Lẹ́yìn ìyẹn, á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù pé ibi báyìí ni kí wọ́n wá.

Ẹ má rò pé ó rọrùn. Ewé máńgòrò tútù tó bá kan wáyà náà a máa fa iná díẹ̀, ilẹ̀ gbígbẹ kì í sì í fa iná tó èyí tí fíúsì lásán lè mọ̀. Bí àpótí bá ń pa iná nítorí gbogbo ewé, aráàlú á yọ ọ́ sọnù. Bí kò bá mọ wáyà tó já sórí yanrìn gbígbẹ, ó ti pààyàn. Àmínátù ní láti kọ́ kọ̀ǹpútà kékeré inú àpótí náà kó mọ ìyàtọ̀. Kò sì sí ìwé kankan láyé tó sọ bí ilẹ̀ Igbona ṣe ń fa iná lẹ́yìn òjò. Nítorí náà, Àmínátù ń bu ilẹ̀ kiri. Ó bu ti Òṣú, ó bu ti Ọ̀tan-Ilé, ó bu ti oko kòkó, ó bu yanrìn etí odò. Agolo mílíìkì ló ń bù ú sí, á kọ orúkọ ìlú sí i lára. Tó bá dé yàrá ìwádìí, á da omi sí i, á fi wáyà kàn án, á kọ ohun tó rí sílẹ̀. Mo ti rí àwọn agolo yẹn lórí pẹpẹ rẹ̀, wọ́n lé ní igba.

Ọjọ́ Sátidé kan ló wá bá mi nílé tòun ti ṣíbí àti agolo, ó ní òun fẹ́ bu ilẹ̀ iwájú ilé mi. Mo ní ṣé ó fẹ́ fi ilẹ̀ ilé mi ṣoògùn ni. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Bánjí, ẹ̀yin ọmọ òṣómàáló yìí le o! Ilẹ̀ lásán náà, ẹ ò lè fi tọrẹ?" Ó lóṣòó síwájú gọ́tà mi, ó ń bu ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ò tíì kúrò létí mi.

Ọ̀tan-Ilé ni wọ́n ti dán àpótí náà wò. Oṣù mọ́kànlá ló fi wà lára tiransifọ́mà wọn, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wáyà já láàárín ìgbà náà, kò séèyàn tó fara pa. Bàbá Ọlágòkè, àgbẹ̀ kan níbẹ̀, ṣì ń sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́: wáyà já lu ewúrẹ́ rẹ̀, iná ti kú kó tó kàn án, ewúrẹ́ gbọn ara nù, ó ń jẹ èèpo iṣu rẹ̀ lọ. Ewúrẹ́ Ọ̀tan-Ilé rí ààbò. Àmínátù tó ṣe ààbò náà, ṣé kò tó ewúrẹ́ ni?

Kí ló wá gbé àpótí kúrò lára tiransifọ́mà? Àlejò ni. Àwọn aláyẹ̀wò ń bọ̀ láti Àbújá wá wò ó bóyá ilé ẹ̀kọ́ náà yẹ lẹ́ni tí ń kọ́ni, Ọ̀gá Àgbà sì pàṣẹ pé kí wọ́n lọ já àpótí wálẹ̀ kí àlejò lè rí i. Àlejò rí i, wọ́n pàtẹ́wọ́, ilé ẹ̀kọ́ yege. Fọ́tò rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn. Ọ̀gá Àgbà ló gbé àpótí lọ́wọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹ ó rí etí híjáàbù aláwọ̀ ewé kan. Àmínátù nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ti àpótí mọ́ inú gíláàsì, kó má baà dọ̀tí títí àwọn aláyẹ̀wò mìíràn á fi dé. Káàdì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ní orúkọ Ọ̀gá Àgbà àti ti olùkọ́ méjì. Lábẹ́, wọ́n kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ yàrá ìwádìí ràn wọ́n lọ́wọ́. Òṣìṣẹ́ wo? Ṣé kò lórúkọ ni?

Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá a padà sí Ọ̀tan-Ilé. Wọn ò dá a lóhùn. Ó kọ lẹ́tà méje sí ilé iṣẹ́ tó ń pín iná, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣe òmíràn fún Igbona. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n fi fèsì, pé àwọn ń gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ọdún méjì ni wọ́n fi gbé e. Apá ò ro wọ́n.

Ẹ wá gbọ́ bó ṣe kú. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ní nǹkan bí aago méje, wáyà já níwájú ibi tí Fadékẹ́ ti ń lọ ata, ó ṣubú sínú omi tó dá rogún sójú ọ̀nà. Àmínátù ń lọ wọkọ̀ Iléṣà. Fadékẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣojú rẹ̀ sọ fún mi pé Àǹtí Ẹnjiníà ò sá, kò sì sún mọ́ omi. Ó fa bẹ́ǹṣì dí ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń dá àwọn ọmọ iléèwé padà, ó ń dá àwọn ọlọ́kadà padà. Ó pe nọ́ńbà ilé iṣẹ́ iná lẹ́ẹ̀mẹfà. Ó wà lórí fóònù rẹ̀, mo rí i. Ẹnì kankan ò gbé e. Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi dúró síbẹ̀, ní ibi tó jìnnà tó, bí ìmọ̀ rẹ̀ ṣe sọ fún un. Ṣùgbọ́n iná tó yẹ kó ti kú láti ìbẹ̀rẹ̀ ò kú. Ó ń jó wáyà yẹn lọ títí ibòmíràn tún fi já, lókè orí rẹ̀. Kò sí ọmọ kankan tó fara pa. Òun nìkan ni.

Ẹ lè bi mí pé ṣé kò sí fíúsì ní tiransifọ́mà Igbona ni. Ìbéèrè yìí gan-an ni kò jẹ́ kí n lè kọ nǹkan kan láti oṣù Ọ̀wàrà. Fíúsì wà tẹ́lẹ̀. Wáyà tó bọ́ sínú omi, ojú ẹsẹ̀ ni fíúsì ìbá ti já. Àmọ́ nígbà ooru, tí gbogbo ilé bá tan fáànù àti fíríìjì, fíúsì wa a máa já, ó sì sú wa. A pe ìpàdé àwọn onílé àti ayálégbé. Bàbá Adéníyì ni alága, èmi ni akọ̀wé. A ránṣẹ́ pe Waliyullah tó máa ń gun òpó fún wa, a ní kó yọ fíúsì sọnù, kó wé wáyà nínípọn síbẹ̀, irú èyí tí kò ní já mọ́. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ẹ̀yin náà ti ṣe é ní àdúgbò yín. Waliyullah kọ́kọ́ lọ́ra. A bẹ̀ ẹ́.

Àmínátù nawọ́ sókè. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, fíúsì tó ń já yẹn, ẹ̀mí wa ló ń ṣọ́."

Bàbá Adéníyì ní, "Àǹtí Ẹnjiníà, jókòó jàre. Iná la fẹ́."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé ìjókòó dúpẹ́ lọ́wọ́ Waliyullah fún wáyà tí kì í já. Kò já lóòótọ́. Ó dúró digbí láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ó ń gbé iná wá fún ikú rẹ̀.

Ọjọ́ kejì tí a sin ín ni Waliyullah gun òpó, ó ń sunkún, ó dá fíúsì padà. Ó ti já lẹ́ẹ̀mẹta láti ìgbà náà. A ń jókòó sínú òkùnkùn, kò sẹ́ni tó ń ráhùn.

Ní ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí wọ́n ń ṣe fídáù, ilé ẹ̀kọ́ rán èèyàn mẹ́ta wá. Wọ́n gbé àmì ẹ̀yẹ onígíláàsì kan dání, orúkọ Àmínátù wà lára rẹ̀ gàdàgbà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí orúkọ rẹ̀ máa wà lára gíláàsì ilé ẹ̀kọ́ náà. Ìyá rẹ̀, Alhaja Ojúọlá, gbà á, ó wò ó, ó fi ìborùn rẹ̀ nu eruku ara rẹ̀. Ó wá dá a padà fún wọn. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ máa gbé e lọ. Àpótí ọmọ mi ni kí ẹ bá mi gbé wá, kí wọ́n lè gbé e kọ́ síbi tó ní kí wọ́n gbé e kọ́ sí."

Wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Ọ̀gá Àgbà, Ọ̀gá Àgbà sì rìnrìn àjò. Nígbà tí Ọ̀gá Àgbà dé, ó ní kọ́kọ́rọ́ wà lọ́dọ̀ akọ̀wé òun. Akọ̀wé ní àfi kí ilé iṣẹ́ iná kọ lẹ́tà wá. Ilé iṣẹ́ iná ní àfi kí ilé ẹ̀kọ́ kọ́kọ́ kọ tiwọn. Oṣù Ẹrẹ́nà la wà yìí. Òjò àkọ́rọ̀ ò ní pẹ́ dé, àwọn wáyà gbígbó wà lórí òpó káàkiri láti Òṣogbo títí dé Iléṣà, kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ò sì tíì dé ibi tó ń lọ.

Orúkọ ni mo ń bèèrè. Ẹ má sọ fún mi pé ọ́fíìsì ni. Ta ló ka lẹ́tà méje tí kò ṣe nǹkan kan sí i? Iwájú ta ni fóònù ti dún lẹ́ẹ̀mẹfà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn? Ta ló pàṣẹ pé kí ohun tó ń gba ẹ̀mí là di ohun ìwòran? Kí wọ́n dárúkọ wọn, kí wọ́n jáde wá ṣàlàyé níwájú ìyá olóòkú. Kí ẹ má baà sọ pé ojúsàájú ni mò ń ṣe, orúkọ tèmi rèé: Bánjí Ọdúntán, akọ̀wé ìpàdé Igbona. Ìwé ìpàdé náà wà lọ́wọ́ mi, ibi tí wọ́n bá pè mí sí ni màá gbé e dé.

Aláṣọ ni bàbá mi, ó ń tà á láwìn láti ìlú dé ìlú. Bí oníbàárà bá ń fòní dónìí, tó ń fọ̀la dọ́la, bàbá mi kì í jà, kì í sì í bú èèyàn. Á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kò ní jókòó, kò ní jẹun, kò ní dìde títí wọ́n á fi gbé ohun tó wá gbà fún un. Ìdí tí wọ́n fi ń pe àwa Ìjẹ̀ṣà ní òṣómàáló nìyẹn. Tó bá di ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, láago mẹ́jọ àárọ̀, ẹnu ọ̀nà yàrá tí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn wà ni kí ẹ ti wá wò mí.

Alhaja Ojúọlá gbọ́, ó ní òun náà ń bọ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni, orúnkún ń dùn ún. Mo ní a ó bá a gbé àga dání. Ó ní rárá, bí mo bá ṣe lóṣòó ni òun náà á ṣe lóṣòó.

Ẹ̀yin tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ yín, ẹ gbé e wá kí ọjọ́ Ajé tó pé, nítorí orúnkún ìyá yẹn.