Ohùn Orvel Lẹ́nu Ẹlòmíràn

Ìgbà ìkẹyìn tí Oneta Stubblefield gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀, ọkọ náà ti lo oṣù méje nínú ilẹ̀, ẹnu ọkùnrin mìíràn ni ohùn ọ̀hún sì gbà jáde.

Ọwọ́ ọ̀sán ni, ní Oildale, lápá àríwá odò Kern, lákòókò tí oòrùn máa ń mú débi pé ajá kì í gbó àlejò. Oneta ń lọ aṣọ nínú kíṣìnnì. Ó tan tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ ní pálọ̀, kì í ṣe pé ó ń wò ó. Ilé tó ti gbọ́ ariwo ọkùnrin kan fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, bó bá dákẹ́ lójijì, etí a máa dun èèyàn. Eré kábọ́ọ̀yì àtijọ́ kan ni wọ́n ń tún gbé jáde. Ó ń gbọ́ pátákò ẹṣin, ó ń gbọ́ ìbọn, kò kọbi ara sí i. Àfi bí ẹnìkan ṣe dá orin:

“Mo rí ọ lóko òwú, òwú lẹ̀ mọ́ ọ nírun,
O ní kí ni mò ń wò, mo ní òjò ni mò ń wò,
Bẹ́ẹ̀ kò sí ìkúukùu kan lójú ọ̀run.”

Oneta gbàgbé irin gbígbóná sórí kọ́là aṣọ, ó sáré dé pálọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin arẹwà kan ló jókòó ti iná nínú tẹlifíṣọ̀n, eyín rẹ̀ funfun kinkin, gìtá wà lórí itan rẹ̀, ohùn Orvel sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Kì í ṣe ohùn tó jọ ti Orvel o. Ohùn Orvel gan-an ni, tòun ti bó ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀ ìkẹyìn bí ẹni ń fa màlúù tí kò fẹ́ wọlé.

Lódì kejì iná, ọkùnrin kan sùn sílẹ̀, ó fi àkẹtẹ̀ bojú. Oneta wo bàtà rẹ̀. Gìgísẹ̀ ọ̀tún ga ju ti òsì lọ. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló fi awọ àti ìṣó kan gìgísẹ̀ yẹn mọ́ ọn, kò sì sí irú bàtà bẹ́ẹ̀ méjì ní gbogbo California. Orvel ló sùn síbẹ̀ tó dákẹ́, ohùn Orvel ló ń kọrin lódì kejì.

Orin náà ṣe ẹsẹ kìíní, ó ṣe ẹsẹ kejì. Bí ẹsẹ kẹta ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìbọn dún gbàù, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ju gìtá nù, ó fò dìde. Ẹni tó fi àkẹtẹ̀ bojú kò dìde ní tirẹ̀. Wọ́n tún ti pa á.

Òórùn aṣọ tó ń jó ló rán Oneta padà sí kíṣìnnì.

Ẹni tí kò bá mọ Orvel kò lè mọ ohun tó ṣe obìnrin náà ní kàyéfì. Ọmọ Oklahoma ni. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí eruku lé àwọn òbí rẹ̀ kúrò lóko, tí wọ́n di ẹrù mọ́ orí ọkọ̀, tí wọ́n forí lé California. Inú oko òwú ló dàgbà sí, níbẹ̀ náà ló ti rí Oneta. Nígbà tó yá, ó wọ iṣẹ́ epo rọ̀bì. Páìpù kan já lé e lẹ́sẹ̀ ọ̀tún lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ ọ̀hún sì kúrú díẹ̀ títí ó fi kú. Lópin ọ̀sẹ̀, a gbé gìtá rẹ̀ lọ sílé ọtí, a kọrin kí àwọn òṣìṣẹ́ epo àti ìyàwó wọn rí nǹkan jó sí.

Kò sí ẹni tó lè sọ pé Orvel kọ orin kan náà lọ́nà kan náà lẹ́ẹ̀mejì rí. Ẹsẹ̀ oníjó ló máa ń wò. Bó bá ti rẹ̀ wọ́n, a fa orin. Bí ara wọn bá gbóná, a lé e. Àwọn tó ń bá a lu gìtá a máa ṣépè fún un.

“Orvel, ibo lo tún ń gbé orin lọ?”

“Ẹ ṣáà máa tẹ̀ lé mi, èmi náà ò tíì mọ̀.”

Bó ṣe di òṣèré kò gba ọgbọ́n. Lákòókò yẹn, kò sí eré kábọ́ọ̀yì tí kì í fẹ́ olórin kan tàbí méjì nínú. Ọ̀gá eré kan tó ń gba ìlú kọjá wọlé wá mu bíà, ó rí ojú Orvel, ó ní oòrùn ló ṣe ojú yìí, àwọn tó ń kunjú fún òun kò lè ṣe irú rẹ̀. Ó bi í bóyá ó lè gun ẹṣin. Orvel ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìbaaka nìkan ló gùn rí, ó sì ti já bọ́ lórí rẹ̀ láìmọye ìgbà. Àjábọ́ yẹn gan-an ni wọ́n wá fẹ́ràn lára rẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́fà, ó kú nígbà mẹ́tàlélógún. Wọ́n yìnbọn fún un, wọ́n yẹgi fún un, ejò bù ú ṣán, odò gbé e lọ.

Ẹlẹ́yà kò sì tán nínú ilé ọtí. “Orvel, mo gbọ́ pé wọ́n yẹgi fún ọ.”

“Wọ́n yẹgi fún mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fún mi lóúnjẹ kí n tó kú, ó sì dùn ju ti ilé ẹ lọ.”

Ọ̀dọ̀ Vondell, àbúrò Orvel, ni tẹlifíṣọ̀n wà nígbà náà. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé ikú Orvel jáde, gbogbo ilé ló máa ń pé síbẹ̀. Oneta a gbé ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo lọ, àwọn ọmọdé a pàtẹ́wọ́ bí bàbá wọn bá ṣubú, Orvel fúnra rẹ̀ a sì máa pariwo pé, “Ẹ wò ó, ẹ wò ó, wọ́n fẹ́ pa mí báyìí!” Kò sí ikú ara rẹ̀ tí kò jókòó wò, àfi ẹyọ kan. Lọ́sẹ̀ yẹn, ó ní ẹja ń jẹ̀ lódò Kern, kí àwọn lọ pẹja. Wọ́n dé odò tán kó tó rí i pé òun kò mú ìdẹ dání. Síbẹ̀ ó jókòó, ó na ọ̀pá sómi láìsí nǹkan lẹ́nu ìwọ̀.

“Báwo ni wọ́n ṣe pa ọ́ nínú ti ọ̀sẹ̀ yìí?” ni Oneta bi í.

“Ojú oorun ni,” ni Orvel wí, kò sì wojú rẹ̀.

Ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún rèé, Oneta dúró ti aṣọ tó jó, ó wá mọ ìdí tí ẹnìkan fi lè lọ pẹja láìmú ìdẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí ló gba oorun lójú rẹ̀. Orin yẹn ni.

Orin òun ni. Ìgbà tí Orvel ń fẹ́ ẹ sọ́nà ló ṣe ẹsẹ kìíní. Lọ́dún tí wọ́n bá ìkórè òwú lọ sí Arizona, tí Lorene ọmọ wọn wà lọ́wọ́, ló ṣe ẹsẹ kejì:

“A tẹ́ ọmọ sẹ́yìn ọkọ̀, epo ń tán níwájú,
O ní ṣé a ó dé, mo ní a ti dé ná,
Bẹ́ẹ̀ a kò tíì kọjá afárá.”

Ẹsẹ kẹta kò jáde. Bí Oneta bá bi í pé, “Kí lò ń wò gan-an lóko òwú lọ́jọ́ yẹn?” a rẹ́rìn-ín. “Irọ́ ni mo pa fún ọ nínú ẹsẹ méjèèjì, Néta. Ẹsẹ kẹta ló máa sọ òótọ́.” “Ìgbà wo?” “Ó ku díẹ̀.” Ọdún ń gorí ọdún, ó ṣì ku díẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1974, ọkàn Orvel dúró níbi iṣẹ́, Oneta sì gbà pé ẹsẹ kẹta ti bá a lọ.

Wàyí o, ó ní láti jẹ́ pé wọ́n gba orin náà sí téèpù kí wọ́n tó ya eré. Bí wọ́n bá gba odindi rẹ̀, òótọ́ Orvel wà lẹ́yìn ìbọn yẹn. Oneta kò wá nǹkan mìíràn nínú ogún ọkọ rẹ̀. Ó fẹ́ mọ ohun tí ọkùnrin náà ń wò.

Ó kọ̀wé sí àwọn tó ṣe eré. Wọ́n dá a lóhùn tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ pé orin mìíràn ni àwọn ti gbà lé téèpù yẹn lórí láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ó gbé ìwé náà fún Vondell kà. Vondell kò tilẹ̀ ka ìwé dé ìdajì, orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin eléyín funfun yẹn tó rí nínú rẹ̀ ló ń pè lẹ́nu.

“Lyle Garrity. Néta, mo mọ̀ ọ́n! Òun ló ń ta mọ́tò àlòkù ní Newhall. Àwòrán ẹ̀ wà lẹ́bàá títì, eyín ẹ̀ nìkan tó ilẹ̀kùn.”

Bí wọ́n ṣe gba orí òkè lọ sí Newhall nìyẹn, Vondell ló ń wakọ̀.

“A ò kúkú mọ̀ bóyá ọmọkùnrin yìí rántí orúkọ ìyá ẹ̀,” ni Vondell wí, “ká má tíì sọ orin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.”

“Á rántí.”

“Kí ló mú un dá ọ lójú?”

“Bí ohùn ẹlòmíràn bá wọ ọ́ lẹ́nu rí, ṣé wàá gbàgbé?”

Vondell rò ó wò títí wọ́n fi yípo òkè kan. “Ohùn ìyá ọkọ mi máa ń wọ̀ mí lẹ́nu. Mi ò sì tíì gbàgbé.”

Lyle rò pé mọ́tò ni wọ́n fẹ́ rà. Ó yọ sí wọn tẹ̀ríntẹ̀rín, ó na ọwọ́ sí ọkọ̀ búlúù kan. “Ẹ̀yin mọ̀mọ́, eléyìí ló yẹ yín. Ìyá àgbà kan ló ni ín, ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló ń gbé e lọ.”

“Mo mọ ìyá àgbà yẹn,” ni Vondell wí. “Òun ló ni gbogbo mọ́tò àlòkù tí wọ́n ń tà ní California.”

Oneta kò bá wọn rẹ́rìn-ín. “Èmi ni ìyàwó ọkùnrin tó sùn ti iná,” ló wí.

Ẹ̀rín kúrò lójú Lyle bí ẹni paná. Ó fà wọ́n lọ sábẹ́ ìbòòji, ó gbé àga fún wọn, ó bu kọfí. Nígbà tó gbọ́ pé Orvel ti kú, ó ṣí fìlà.

“Mísís Stubblefield, ọ̀sán gangan la wà níbẹ̀ o,” ló bẹ̀rẹ̀. “Dígí dúdú ni wọ́n fi bo ojú kámẹ́rà kó lè jọ òru, òógùn ń bọ́ lára wa. Wọ́n ti gba orin náà sílẹ̀ lọ́jọ́ Túsìdeè. Ẹ̀rọ máa wá sọ ohùn ọkọ yín, kí òun máa ya ẹnu tẹ̀ lé e. Ìgbà mọ́kànlá ló gbìyànjú ẹ̀. Bí téèpù bá yára, ó ti fà. Bí téèpù bá fà, ó ti kọjá lọ. Olùdarí eré figbe ta: ‘Ṣé o ò mọ bí ìwọ fúnra ẹ ṣe ń kọrin ni?’ Ó ní, ‘Ọ̀gá, ti Túsìdeè nìyẹn. Òní ti di Tọ́sìdeè.’”

Vondell fọwọ́ bo ẹnu. Oneta gbọ́ ọ bí ìgbà tó wà níbẹ̀.

“Wọ́n ní kí n gba ipò ẹ̀. Mo gbé téèpù lọ sílé, mò ń tẹ̀ ẹ́ títí ìyá mi fi ní òun máa gbé ẹ̀rọ náà jù síta. Mo mọ ibi tó ti mí. Mo mọ ibi tó ti gbé itọ́ mì.”

“Ṣé ó bínú?”

“Kò bínú sí mi. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó ń sùn kalẹ̀ ti iná, ó ní, ‘Ọmọ, má kánjú níbi òwú yẹn. Òwú máa ń wúwo.’”

Oneta gbé ife kọfí sílẹ̀. “Ṣé o lè ṣe é fún mi?”

“Mọ̀mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n kọrin. Ẹyẹ ìwò ló ni ohùn mi.”

“Mi ò ní kí o kọrin. Ya ẹnu bí o ṣe yà á lọ́jọ́ yẹn ni.”

Lyle jókòó sórí imú ọkọ̀ búlúù náà. Ó gbé ọwọ́ bí ẹni gbé gìtá, ó sì bẹ̀rẹ̀. Kò sí ohùn kankan, mọ́tò nìkan ló ń kọjá lójú títì. Ṣùgbọ́n níbi òwú, kò kánjú. Níbi ìkúukùu, ó mí ibi tí Orvel máa ń mí. Ètè Oneta náà ti ń mì. Ẹsẹ kìíní parí. Wọ́n tẹ́ ọmọ sẹ́yìn ọkọ̀, epo ń tán, wọ́n kò tíì kọjá afárá. Ẹsẹ kejì parí.

Lyle pa ẹnu dé. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ń lọ sókè sódò, orí rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ lẹ̀ pọ̀.

Oneta dúró dè é. “Kí ló dé tí o dákẹ́?”

“Mi ò dákẹ́, mọ̀mọ́. Bó ṣe wà nínú téèpù nìyẹn. Imú ló fi gbé orin ẹsẹ kẹta láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ọ̀gá bínú, ó ní ta ló fẹ́ wo ẹni tó pa ẹnu dé lẹ́bàá iná. Ìdí tí wọ́n fi gbé ìbọn síbẹ̀ nìyẹn.”

Vondell bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nù ún.

“Ṣé o bi í léèrè?” ni Oneta wí nígbẹ̀yìn.

“Mo bi í. Ó wà lábẹ́ àkẹtẹ̀ ẹ̀, wọ́n ń tún iná tò. Mo ní, ‘Bọ̀dá, ẹsẹ tó kù dà?’ Ó ní òun ṣì wà lórí ẹ̀. Ó ní tó bá fi máa di Kérésì, òun á ti parí ẹ̀.”

Oneta dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì mu kọfí rẹ̀ tán nítorí pé kò dára kí èèyàn fi kọfí olóore sílẹ̀.

Kérésì ọdún 1959 ni Orvel ń wí. Ó tún rí Kérésì mẹ́rìnlá lẹ́yìn rẹ̀. Òótọ́ tó ní ẹsẹ kẹta máa sọ kò ní ọ̀rọ̀.