Ìdọ̀bálẹ̀ Kò Pa Ìwé Aṣojú Rẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìkọ̀wé mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwé mẹ́fà ni mo kà nílé, ẹja ni mo sì ń gé lọ́jà Rye Lane nílùú òyìnbó níbí. Ọ̀bẹ mọ́ mi lọ́wọ́ ju bíró lọ.

Mọ́mì tí mo ń gbé yàrá òkè ilé wọn kì í ṣe ìyá mi, ṣùgbọ́n ohun tí mo ń pè wọ́n nìyẹn. Kí wọ́n tó wọ ọsibítù ní Camberwell nítorí ìbàdí wọn, wọ́n fọwọ́ sí ìwé aṣojú fún ọmọ àbúrò wọn, pé kó máa bá wọn bójú tó ilé àti báǹkì títí ara wọn á fi le. Ara wọn le. Wọ́n padà dé pẹ̀lú ọ̀pá, ẹnu wọn sì mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ń dín dòdò nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn wọlé tòun ti kámẹ́rà. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbí ni. Ó ní kí Mọ́mì jọ̀ọ́ sún díẹ̀, kí òun lè ya fọ́tò kíṣìnì fún àwọn tó fẹ́ ra ilé.

"Ṣé wọ́n ń ta èmi náà mọ́ ọn ni?" Mọ́mì bi í. "Ìbàdí mi ṣì tuntun o."

Ẹnu rẹ̀ la ti gbọ́ pé ọmọ àbúrò wọn ló fi ìwé aṣojú gbé ilé náà sọ́jà.

Ẹbí pé jọ lọ́jọ́ Sunday. Ọmọ àbúrò wọn dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. "Ẹ má bínú, Mọ́mì. Mo rò pé ilé ìtọ́jú arúgbó lẹ máa lọ ni."

"Arúgbó wo? Dìde, o ti ń bá mi gbá kápẹ́ẹ̀tì. Mo gba agbára mi padà lọ́wọ́ ẹ."

Àáfà ṣàdúrà, a ṣe àmín, a jẹ ìrẹsì. Gbogbo wa gbà pé ó parí. Bí a ṣe ń parí ọ̀rọ̀ nílé nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọmọ kámẹ́rà tún dé, tọkọtaya kan tẹ̀lé e láti wá wo ilé. Mọ́mì pe ọmọ àbúrò wọn lórí fóònù. Ó ní òun bẹ̀bẹ̀ nítorí pé òun ò kọ́kọ́ sọ fún wọn ni, òun ò sọ pé òun ò ní tà á mọ́.

Lọ́yà obìnrin kan máa ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́ ní mọ́ṣáláṣí wa lọ́jọ́ Alámísì. Mo sin Mọ́mì lọ.

"Ẹnu lẹ fi gbà á padà, Mọ́mì," ló wí. "Òfin ibí ò gbọ́. Nígbà tí iyè yín ṣì pé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ ti gbà á, kí ẹ fọwọ́ sí i níṣojú ẹlẹ́rìí, kí ẹlẹ́rìí náà fọwọ́ sí i. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ àbúrò yín, àti sí ọ́fíìsì ìjọba tó forúkọ ìwé aṣojú sílẹ̀. Tó bá ti fi ba nǹkan jẹ́, wọ́n lè wádìí ẹ̀, ilé ẹjọ́ sì lè ní kó san án padà."

"Tí iyè mi ò bá pé mọ́ ńkọ́?"

"Adájọ́ nìkan ló lè gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà yẹn."

"Ó yá, ẹ jẹ́ ká tètè ṣe é, kí n tó gbàgbé."

Lọ́yà tẹ̀ ẹ́ jáde fún wọn, àmọ́ ó ní òun kì í ṣe ẹlẹ́rìí fún àwọn tí òun ń gbà nímọ̀ràn. Nírọ̀lẹ́, Mọ́mì ń wá ẹlẹ́rìí lórí fóònù. Àǹtí kan ní òun ò lè fọwọ́ sí ìjà ẹbí. Èkejì ní orúnkún ń dun òun.

"Ṣé orúnkún lo fi ń kọ orúkọ ni?" Mọ́mì bi í. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wo ara ògiri kíṣìnì wọn yí ká. Èmi ń fọ abọ́, mi ò láyà láti ní èmi á fọwọ́ sí i. Ìkọ̀wé mi dà bí ẹsẹ̀ alákàn, mo sì ń bẹ̀rù kí ìjọba má lọ rí i.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó lọ sídìí ẹja, mo kan ilẹ̀kùn Mọ́mì, bíró wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n wò mí, wọ́n wọ jígí wọn, wọ́n fọwọ́ sí i. Èmi náà fọwọ́ sí i, mo kọ orúkọ mi àti àdírẹ́sì wa sábẹ́ tiwọn, díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo kó àpòòwé méjèèjì, ti ọmọ àbúrò wọn àti ti ọ́fíìsì ìjọba, sínú kóòtù mi, mo sì yà sí pósí-ọ́fíìsì lọ fi wọ́n ránṣẹ́ kí n tó dé ibi iṣẹ́.