Àwọn Ìbọn Tí Kì í Ṣe Ti Bàbá

"Kí lẹni yìí ń fi gbogbo ubọn yẹn ṣe?" Rédíò ni Bàbá ń bi léèrè ní àárọ̀ ọjọ́ náà, bó ṣe ń fi ewé ipin ha ìdí ìbọn kan tí wọ́n gbé wá fún un láti Òmù. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé arọ́ rẹ̀, mò ń bó ẹ̀gúsí, èéfín èédú ń ta mí lójú. Olóòtú ètò àárọ̀ ń sọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tó kó ìbọn kún yàrá. Ó ní àwòrán yàrá náà ti wà lórí fóònù gbogbo ayé, kí àwọn olùgbọ́ pè wọlé kí wọ́n sọ èrò ọkàn wọn. Ẹni tó kọ́kọ́ pè ní kí ìjọba tètè lọ gbé ọkùnrin náà kó tó ta gbogbo rẹ̀ fún àwọn ajínigbé. Bàbá gbà bẹ́ẹ̀, ó ní òótọ́ ni. Ẹlòmíràn pè, ó ní akọni ni, ìbá dára kí ìlú kọ̀ọ̀kan ní irú rẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní orí onítọ̀hún kò pé. Ìgbà tí olóòtú wá dárúkọ Ìsàn, ìlú wa, ni ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí igi ìbọn náà.

Kì í ṣe bàbá tó bí mi. Tèmi ti kú kí n tó gbọ́n. Aládùúgbò wa ni, alágbẹ̀dẹ tó ń tún ìbọn ọdẹ ṣe. Nọ́ọ̀sì ni màmá mi ní Ìdó. Bí wọ́n bá ti fi í sí iṣẹ́ àárọ̀, tó sì jẹ́ pé a wà ní ọlidé, ọ̀dọ̀ Bàbá ló máa ń fi mí sí kó tó wá takisí lọ. Ọmọ tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ ni mí. Màmá mi a máa ní eèrà wà nídìí mi. Ṣùgbọ́n ní ilé arọ́ yẹn, pẹ̀lú bí ẹwìrì ṣe ń mí gúlegúle, tí òórùn irin gbígbóná àti kẹrosíìnì gba gbogbo ibẹ̀ kan, mo máa ń jókòó. Bàbá kò fẹ́ràn ariwo. Bí mo bá ti sọ̀rọ̀ jù, á ní, "Ọmọ mi, sinmi díẹ̀, kí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ náà lè sinmi."

Yàrá tí rédíò ń sọ wà lẹ́yìn ilé arọ́. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣakabùlà ló kún ara ògiri rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, àwọn kan ti gbó tí igi wọn ti pọ́n bí obì. Ìbọn àwọn ọdẹ tó ti kú ni. Ní àdúgbò wa nígbà náà, bí ọdẹ bá kú, ìbọn rẹ̀ kì í sùn nínú ilé tí opó ti ń ṣọ̀fọ̀. Àwọn ẹbí á gbé e wá fún Bàbá, Bàbá á yọ irin kékeré tó ń ṣáná kúrò lára rẹ̀, wọ́n á gbé irin náà padà lọ fi sí ẹ̀gbẹ́ olóògbé nínú pósí. Ìbọn á wá wà lọ́dọ̀ Bàbá títí ọmọ tó fẹ́ máa ṣọdẹ á fi wá gbà á, tí Bàbá á rọ irin tuntun sí i. Àwọn ọmọ ti lọ sí Èkó, àwọn mìíràn ti lọ sí òkè òkun. Wọn ò wá gbà á. Bàbá kò ta ọ̀kankan. Ó sì ti fi ẹnu ṣèlérí fún ẹbí kọ̀ọ̀kan pé òun kò ní sọ èyí tó jẹ́ tiwọn fún ẹnikẹ́ni, pé àwọn fúnra wọn ni yóò máa nàka sí i.

Ọmọ ìlú kan tó wá láti Èkó wá sin bàbá rẹ̀ ló ya àwòrán náà. Ó gbé ìbọn bàbá rẹ̀ wá, ó rí àwọn yòókù, inú rẹ̀ dùn, ó gbé e sórí fóònù, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ohun àjogúnbá wa rèé. Kò ní ọ̀rọ̀ burúkú kankan lọ́kàn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń pín in kiri gé ọ̀rọ̀ yẹn kúrò, wọ́n fi tiwọn sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún náà le. Wọ́n ń jí àgbẹ̀ gbé lójú ọ̀nà oko, ìyá ọlọ́mọ kò lè sùn. Ta ni yóò rí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ tí àyà rẹ̀ kò ní já?

Oòrùn ò tíì mú lọ́jọ́ náà nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé. Wọ́n kó ìbọn náà jáde sí àgbàlá, wọ́n tò wọ́n sórí tapólíìnì. Ọ̀gá wọn bi Bàbá pé ta ló ni wọ́n.

"Kì í ṣe tèmi," Bàbá wí. "Àwọn tó ni wọ́n wà nínú ulú."

"Ẹ dárúkọ wọn, sà."

"Mo ti ṣèlérí. Àwọn ni wọ́n á sọ ọ́ fún yín."

Ọ̀gá náà kò gbọ̀jẹ̀gẹ́, kò sì rí Bàbá fín. Ó ní bí ẹnikẹ́ni kò bá jáde wá sọ pé òun ló ni èyí tàbí ìyẹn kí àwọn tó parí iṣẹ́, Bàbá á tẹ̀ lé àwọn lọ sí Adó, pé ẹni tó ń kó ohun ìjà pamọ́ ni òfin á kà á sí.

Èrò ti pọ̀ lẹ́yìn ọgbà. Ẹni tí Bàbá ń bá bọwọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tí Bàbá ń bá ṣe ọkọ́ láwìn wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan tí mo mọ̀ pé ìbọn bàbá rẹ̀ àti ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lórí tapólíìnì ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mò ń lọ, mò ń bọ̀ láàárín wọn, mò ń wo ojú kọ̀ọ̀kan, inú ń bí mi débi tí mo fẹ́ gé wọn jẹ. Kò sẹ́ni tó jáde. Bàbá jókòó sórí àpótí mi, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó dàbí ẹni pé àpótí náà kéré jù fún un.

Ẹnì kan ti pe màmá mi lórí fóònù, ó dé láti Ìdó nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo sá lọ bá a, mo ro ohun gbogbo fún un. Ó dì mí lọ́wọ́ mú. Obìnrin kan láti ilé kejì sí tiwa sún mọ́ ọn, ó rọra sọ ọ́ sí i létí pé, "Má dán an wò o. Uṣẹ́ ìjọba lò ń ṣe. Ọmọ kan yìí náà lo ní."

"Mo gbọ́ yín, mà," màmá mi wí. Ó sì dúró síbẹ̀. Ó pẹ́ tó dúró, mo rò pé kò ní lọ mọ́. Lẹ́yìn náà ó gbé báàgì rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó wọ àgbàlá.

"Èyí, ti ọkọ mi ni," ó wí fún ọ̀gá ọlọ́pàá. Ó nàka sí ibi tó ṣófo lára ìbọn náà. "Ẹ wò ó dáadáa, sà. Irin rẹ̀ wà nínú pósí pẹ̀lú rẹ̀. Kò lè pa eku. Bàbá yìí kò jí i, kò sì rà á. Èmi ni mo gbé e fún un."

Bàbá fi ọwọ́ bo ojú. Mi ò rí i kó sunkún rí. Ọkùnrin tó ń wo ilẹ̀ ló tẹ̀ lé màmá mi, lẹ́yìn náà opó kan tó ti darúgbó, lẹ́yìn náà àwọn mìíràn, wọ́n ń rọ́ wọlé, kálukú ń nàka sí tirẹ̀.

Wọn ò gbé Bàbá lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n kó gbogbo ìbọn lọ, nítorí kò sí ìwé àṣẹ lórí wọn, ìgbà tí wọ́n sì pe màmá mi lọ sí Adó fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kò níye. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, rédíò ní wọ́n ti já wọ ilé ìkóhun-ìjà-sí kan. A gbọ́ ọ títí dé òpin, wọn ò sọ̀rọ̀ nípa irin tí kò sí lára àwọn ìbọn náà. Nígbà tó yá wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Láti ìgbà náà ni Bàbá ò ti rójú jókòó mọ́. Bí ọkọ̀ bá dún lójú pópó, á dìde. Àwọn ènìyàn gbé iṣu wá bẹ̀ ẹ́, ó gbà á, ó dúpẹ́. Lọ́jọ́ kan ó sọ fún màmá mi pé, "Àwọn tí wọ́n ń pè sórí rédíò, mi ò bínú sí wọn. Wọn ò mọ̀ mí." Kò sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ó kú ní ọdún tí mo wọ ilé ìwé gíga.

Ìbàdàn ni mo ń gbé báyìí, mò ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, mo ti bímọ kan. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ṣì ń dé orí fóònù mi: ìbọn tí wọ́n tò sílẹ̀, ọkùnrin kan tí wọ́n ní kó kúnlẹ̀ lẹ́yìn wọn, ọ̀rọ̀ èébú lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rù máa ń bà mí bí ó ṣe ń ba gbogbo ènìyàn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀daràn ni lóòótọ́, kí ọlọ́pàá sì gbé e lọ. Ṣùgbọ́n mi ò lè pín in fún ẹnikẹ́ni, mi ò sì lè pa á rẹ́. Mo máa ń dìde kúrò níbi tí mo jókòó sí, mo máa ń rìn yíká pálọ̀. Ẹ̀yìn ọgbà ni mo máa ń wá nínú àwòrán náà, níbi tí èrò dúró sí. Mo máa ń rò ó bóyá ẹnì kan wà láàárín wọn tó mọ òótọ́ ọ̀rọ̀, tó sì ń ro iṣẹ́ rẹ̀ àti ọmọ kan ṣoṣo tó ní. Màmá mi jáde. Mo ti bi ara mi léèrè lọ́pọ̀ ìgbà bóyá èmi náà á jáde.