Àpótí Tó Wà Nídìí Súìṣì

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù Bàbá Wáyà, ẹ jókòó síbi tó bá wù yín, ẹ ṣáà má jókòó sórí àpótí kékeré tó wà lábẹ́ súìṣì ńlá ara ògiri. Ẹni tó bá dán an wò, Bàbá Wáyà á lé e dìde kó tó fìdí kàn án. Ẹ má bínú sí i. Ìyàwó rẹ̀ ló ni àpótí yẹn, ìyàwó náà kò sì sí nílé.

Iṣẹ́ Bàbá Wáyà ni kó máa tún ampilifáyà gìtá ṣe, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, àwọn ti àtijọ́ tó ń lo gílóòbù, tí ọ̀kan ṣoṣo tó ẹrù ọkùnrin méjì. Ẹ jẹ́ n sòótọ́ fún yín, nǹkan burúkú ló wà nínú wọn. Iná tó wà níbẹ̀ ju iná ilé lọ fíìfíì. Ẹ lè fa púlọ́ọ̀gù yọ kẹ́ ẹ rò pé ó ti tán. Kò tíì tán o! Àwọn kàpásítọ̀, ìyẹn àgolo kéékèèké tó ń kó iná pa mọ́, ṣì lè gbé èèyàn ṣánlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Bàbá Wáyà fi máa ń fa iná inú wọn dànù kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ṣùgbọ́n àwọn àrùn kan wà tí kì í fara hàn àfi tí iná bá wà lára ẹ̀rọ, tí gílóòbù sì gbóná. Tó bá ti di irú èyí, á wọ bàtà onírọ́bà, á bọ́ aago ọwọ́, á ti ọwọ́ òsì bọ àpò, kí iná má baà gba ọwọ́ kan wọlé kó gba àyà kọjá sí èkejì.

Ìyàwó rẹ̀ á sì jókòó sórí àpótí yẹn, á gbé ọwọ́ lé súìṣì, á tẹjú mọ́ ọkọ rẹ̀.

"Bí iná bá gbé mi, má fọwọ́ kàn mí o," ni ọkọ rẹ̀ kọ́ ọ láti ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. "Súìṣì ni kó o pa."

Ó ti pa á rí, lọ́jọ́ tí iná di Bàbá Wáyà mú, tí kò lè kígbe. Látìgbà náà ni àwọn oníbàárà ti ń pe obìnrin náà ní Ìyá Súìṣì. Ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ ni kì í sinmi. Á ròyìn gbogbo àdúgbò tán, á tún bá ọkọ rẹ̀ wí pé kò jẹun dáadáa. Bàbá Wáyà a sì máa ráhùn pé ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kóun gbọ́ ariwo ẹ̀rọ. Háà! Ẹ wá wò ó lónìí, ṣọ́ọ̀bù pa rọ́rọ́, ó sì ń wá ariwo náà bí ẹni ń wá owó tó sọ nù.

Ọmọbìnrin wọn tó ń gbé lọ́nà jíjìn ló bímọ, ni ìyá bá lọ bá a tọ́jú ọmọ. Wọ́n ní kò ní pẹ́. Ọmọ rá, ọmọ rìn, ọmọ ti ń sáré kiri ilé báyìí, Ìyá Súìṣì kò dé. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí ara wọn lórí fóònù, síbẹ̀ Bàbá Wáyà kò jẹ́ fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kó máa bọ̀ nílé. Kò fẹ́ kí ọmọbìnrin wọn sọ pé bàbá já ìyá gbà mọ́ òun lọ́wọ́. Agídí ọkùnrin! Àárò ń sọ ọ́ débi pé ó ń bá àpótí sọ̀rọ̀, ó sì ń sọ fún ìyàwó pé ara òun le koko.

Níbẹ̀rẹ̀, tí ìyàwó ń dààmú pé ta ló ń ṣọ́ ọ, Bàbá Wáyà bẹ télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kó wá bá òun mójú tó súìṣì. Télọ̀ dé tòun ti àga rẹ̀. Kí gílóòbù tó gbóná, ó ti ń hanrun. Bàbá Wáyà lé e lọ, àmọ́ ó ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ti rí ẹni tí á máa jókòó níbẹ̀, kò sì yí ọ̀rọ̀ náà padà mọ́. Kí ọkàn rẹ̀ ṣáà balẹ̀. Látìgbà náà, iṣẹ́ tí kò nílò iná nìkan ló ń ṣe, ìyókù ń kóra jọ sí kọ̀rọ̀.

Ọ̀kan nínú ìyókù yìí jẹ́ ti onígìtá kan. Tó bá ti gbóná ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, onígìtá náà dé, ó fajú ro.

"Bàbá, tẹ́ ò bá lè ṣe é mọ́, ẹ gbé e fún mi."

"Kí n má lè ṣe é mọ́ kẹ̀?" Ọ̀rọ̀ yẹn dun Bàbá Wáyà wọra. "Padà wá nírọ̀lẹ́."

Lọ́sàn-án, ó bọ́ aago, ó wọ bàtà, ó tanná sí i lóun nìkan. Gílóòbù pọ́n, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ó ti ọwọ́ òsì bọ àpò, ó fẹ́ na ọwọ́ ọ̀tún, ni fóònù bá dún. Ìyàwó rẹ̀ ni. Ó gbé e, ó fi ti ara ògiri.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Wáyà. Ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni." Ó fetí sílẹ̀. "Kí ló ń kùn yẹn? Ṣé iná wà lára ẹ̀rọ?"

"Ó wà."

"Ta ló wà nídìí súìṣì?"

"Ẹni tó ń jókòó níbẹ̀ náà ni."

"Ẹ yí fóònù sí i, kí n kí i."

Bàbá Wáyà wúkọ́. "Ojú ń tì í."

"Ojú kí ló ń tì í? Ẹ yí i, jàre!"

Ó yí i. Àpótí ni ìyàwó rẹ̀ rí, àti ìborùn tirẹ̀ tó gbàgbé lọ́jọ́ tó ń lọ, tí ẹnì kan ká dáadáa sórí rẹ̀. Kò sí èèyàn kankan níbẹ̀.

"Ẹ pa á! Ẹ pa á kíá!"

Bàbá Wáyà fò lọ sídìí súìṣì, ó pa á.

"Ṣé ẹ fẹ́ kú lójú mi ni? Kí n máa wò yín nínú fóònù, kí n máa nawọ́ sí gíláàsì?" Ó ti ń sunkún. "Látìgbà tẹ́ ẹ ti ní ẹ ti rí ẹlòmíì, mo ní ó parí nìyẹn. Mo di ẹrù mi, mo tún tú u. Mo ní ta ni mo fẹ́ lọ bá, nígbà tí ẹnì kan ti jókòó sáyè mi?"

Ó wá yé Bàbá Wáyà wàyí. Gbogbo ìgbà tó ń dá jẹun, tó ń ká ìborùn tó ń tú u, irọ́ tó fẹnu ara rẹ̀ pa ló ń jìyà rẹ̀.

"Kò sẹ́nì kankan," ló sọ. "Mi ò jẹ́ kẹ́nì kankan jókòó síbẹ̀ rí. Àárò rẹ ń sọ mí, Ìyá Súìṣì. Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Jọ̀ọ́, máa bọ̀ nílé."

Ìyàwó rẹ̀ fọn ikun, ó nu ojú.

"Ṣé ẹ ti fa iná inú kàpásítọ̀ yẹn dànù?"

"Rárá."

"Ẹ fa púlọ́ọ̀gù, kẹ́ ẹ fà á dànù kí n rí i. Ọwọ́ òsì ńkọ́?"

"Ó wà lápò."

Ó ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ó wá gbé mítà tó fi ń wọn iná síwájú fóònù. Àwọn méjèèjì jọ ń wo nọ́ńbà bó ṣe ń wálẹ̀, títí kò fi ku nǹkan kan. Ìgbà yẹn ni Ìyá Súìṣì tó yíjú sẹ́yìn, tó ké sí ọmọ rẹ̀ pé, "Wá bá mi gbé báàgì mi jáde o! Ilé mi ni mò ń lọ."

Nírọ̀lẹ́, onígìtá dé. Bàbá Wáyà ní ẹ̀rọ rẹ̀ kò tíì yá. Ó pòṣé, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sì fẹ́ rọra jókòó.

"Dìde níbẹ̀!"

"Bàbá, ta ló tiẹ̀ ni àpótí yìí gan-an?"

"Ẹni tó máa jẹ́ kí n rí ampilifáyà rẹ tún ṣe ni," ni Bàbá Wáyà wí, ó ń fi ọwọ́ gbọn eruku kúrò lára àpótí. "Ó ń di ẹrù lọ́wọ́."