Dírẹ́bà Tó Délé Nínú Orin

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, a ní ẹgbẹ́ kan tó máa ń wo fíìmù Faransé. Kò sí ẹni tó gbọ́ Faransé nínú wa. Bí fíìmù bá ti parí, a ó máa mi orí bí alángbá, a ó ní ó jinlẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ ti fi ara rẹ̀ hàn ní ará oko nìyẹn. Èmi ò béèrè rí. Orin wọn nìkan ni mo fẹ́ràn láìṣe ojú ayé: bí wọ́n ṣe máa ń po jáàsì, fèrè idẹ tó ń rìn bó ṣe wù ú, mọ́ orin àwọn onígòjé òyìnbó rẹpẹtẹ, tí wọ́n jókòó létòlétò bí àwọn ìjòyè níjọ́ ìwúyè.

Ìyá mi ò mọ gbogbo ìyẹn. Fíìmù Yorùbá la jọ máa ń wò nílé wa ní Bẹyẹrúnká, lọ́sàn-án Jímọ̀, bí mo bá ti kírun dé. Kò sí òṣèré tí kì í bú. Ẹlẹ́kún èké ni gbogbo wọn. Nígbà tí àìsàn gba ojú rẹ̀, ó kọ́kọ́ ń bá wa jókòó. Àwọn ọmọ ilé á bú sẹ́rìn-ín, ìyá mi á béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, kí wọ́n sì tó ṣàlàyé, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu wọn. Lọ́jọ́ kan ó dìde, ó ní pálọ̀ wà fún àwọn tó ń ríran. Láti ìgbà náà ni àga rẹ̀ ti ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Mo rán àwọn àbúrò rẹ̀ sí i. Kò gbà.

Jímọ̀ kan, mo ń wo fíìmù Faransé àtijọ́ kan tí mo fẹ́ kọ àpilẹ̀kọ lé lórí, irú àpilẹ̀kọ tí ẹni tó kọ ọ́ nìkan máa ń kà. Mo rí ìyá mi tó fọwọ́ tọ́ ògiri dé ẹnu ọ̀nà.

"Ta ló ń fọn fèrè yẹn?"

Mo ní dírẹ́bà ọkọ̀ akẹ́rù kan ni. Bó bá ti wà lójú ọ̀nà ni fèrè ń dún. Tó bá kan ìyàwó rẹ̀ tó ń dúró dè é nílé, àwọn onígòjé á gbà á. Ìyá mi jókòó. Inú mi dùn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ fíìmù náà fún un, pẹ̀lú àlàyé ọ̀mọ̀wé.

"Ọkọ mi, dákẹ́ díẹ̀," ó ní. "O ò jẹ́ kí n gbọ́ wọn."

Mo dákẹ́. Bí fèrè bá wọlé, ìyá mi á ní, "Ẹ kú ìrìn o." Nígbà tó yá, fèrè bọ́ sáàárín àwọn gòjé. Kò bá wọn jà, wọn ò sì lé e. Ó rọra ń dún lábẹ́ wọn, bí ẹni tó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà kó má baà jí ọmọ.

"Ó ti délé," ìyá mi ní.

Nínú fíìmù, kò tíì délé. Orí afárá ni ọkọ̀ rẹ̀ wà nínú òjò, ìyàwó rẹ̀ sì ń dá fọ abọ́. Ṣùgbọ́n mo rántí bàbá mi tó ti dolóògbé. Ìró alùpùpù rẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Màpó ni ìyá mi fi máa ń mọ̀ pé ó ti ń bọ̀. Kí a tó rí i, ìyá mi ti ń bu oúnjẹ. Èmi tí n kì í gbà fún ẹnikẹ́ni, mo gbà pé ó ti délé.

Kò pẹ́, ọkọ̀ náà já sódò. Orin dákẹ́. Ìyá mi na ọrùn, ó ń dúró de fèrè.

"Ṣé ó ti sùn ni?"

Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá sọ òótọ́, á dìde, kò sì ní padà wá mọ́. Bí mo bá sì parọ́, a jẹ́ pé èmi náà ti ń fojú afọ́jú wò ó.

"Ó ti kú, màámi. Ọkọ̀ rẹ̀ já sódò."

Ó pòṣé. Ó ní ẹni tó ṣe fíìmù yẹn ò láàánú. Àwọn ẹlẹ́kún èké tiwa ì bá tiẹ̀ sunkún ọkùnrin náà dáadáa. Ó wá fẹ̀yìn ti àga.

"Dá a padà síbi tó ti délé yẹn."

Mo dá a padà. Ibẹ̀ la ń gbọ́ títí wọ́n fi pe ìrun Alásárì.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, kí n tó ti mọ́sáláṣí dé, ó ti wà lórí àga rẹ̀ ní pálọ̀, ó ti lé àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀. Mo kí i. Ó ní ṣé dírẹ́bà yẹn ò tíì gbéra ni, pé ọ̀nà jìn.